Irin Abẹ́ Dọ́ngóyárò

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọdé tí ń di ìró ìyá rẹ̀ mú kiri Sábó Gàrí ní Kano, irin kan ṣoṣo ló ń pe gbogbo onígbàgbọ́ àdúgbò wa. Àgékù irin rélùwéè ni. Bàbá mi àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ rélùwéè ló gbé e wá, wọ́n so ó mọ́ igi dọ́ngóyárò níwájú ṣọ́ọ̀ṣì wa nítòsí Niger Street. Ilẹ̀ ìjọ wa ni igi náà wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó pe irin náà ní ti ìjọ kankan.

Bó bá dún láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, kálukú á gba ọ̀nà tirẹ̀. Àwọn tó ń wọ́n omi sórí ọmọ ọwọ́ ń lọ, àwọn tó ń ri àgbàlagbà bọ omi ń lọ, àwọn onísùtánà funfun náà ń lọ láìwọ bàtà, tí iyanrìn Kano ń jó wọn lẹ́sẹ̀. A máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn náà á ní oorun là ń sùn tí ìwàásù bá ń lọ, wọn ò sì parọ́. Ọ̀nà kan ò wọjà, bẹ́ẹ̀ làwọn òbí wa ṣe rí i.

Ṣùgbọ́n bó bá dún lọ́jọ́ iṣẹ́, ẹnì kan ti kú nìyẹn. Ìyá mi á fi ohun tó ń ṣe sílẹ̀, á gbé ìkòkò jáde, ó di ilé olóòkú. Àwọn ọkùnrin á mú ṣọ́bìrì. Wọ́n á bèèrè ẹni tó kú, ẹ ò ní gbọ́ kí wọ́n bèèrè ìjọ tó ń lọ. Ẹni tó kú sí ọ̀nà jíjìn sí ilé bàbá rẹ̀, ta ló ní bí kò ṣe àwa?

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ láìpẹ́ yìí. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń ta oúnjẹ láti ìgbà ọ̀dọ́ wa kú. Onísùtánà ni. Ọmọ rẹ̀ lọ bá pásítọ̀ tuntun tí wọ́n gbé wá sí ìjọ wa, pé kí wọ́n bá òun lu irin fún ìyá òun. Pásítọ̀ ní ọmọ ìjọ nìkan ni wọ́n ń lù ú fún. Ọmọ náà wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi, ó ń sunkún. Inú bí mi, n ò ní tàn yín. Mo fa irin tí mo fi ń rú iná ààrò yọ, mo kọrí sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ náà ń sáré tẹ̀lé mi, ó ń bẹ̀ mí pé kí n ṣe sùúrù, "Mama, ki yi hakuri, abeg."

Pásítọ̀ jáde, ó tẹríba fún mi dáadáa. "Màámá, ìlànà ìjọ ni. Bí a bá lù ú fún wọn, ó dà bí ẹni pé a fara mọ́ ẹ̀kọ́ wọn."

"Pásítọ̀, òkú kì í kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́. Irin yìí ti wà níbí kí wọ́n tó bí yín. Jésù tó ní kí a jẹ́ ọ̀kan, ẹ sọ fún un pé èmi ni mo lù ú."

Mo sì lù ú títí apá fi ń ro mí. Àwọn ọmọdé ń bi ara wọn pé kí ló ń dún, nítorí ó ti pẹ́ tó ti dún kẹ́yìn. Àwọn àgbà ò bèèrè. Wọ́n ń jáde láti ojúlé dé ojúlé, àwọn obìnrin ń gbé ìkòkò bọ̀. Nígbà tí mo dé ilé olóòkú, ìyàwó pásítọ̀ ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa òkúta inú ìrẹsì. Kò wò mí lójú. Mo jókòó tì í, a sì jọ ń ṣà á.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Lónìí, ìjọ kọ̀ọ̀kan ló ní sípíkà tirẹ̀, tí ọ̀kan ń bo ohùn èkejì mọ́lẹ̀, tí àwọn aládùúgbò wa tí kì í ṣe onígbàgbọ́ sì ń bi wá pé Jésù mélòó la ní. Ó dùn mí. Wọ́n ti fi ṣéènì de irin náà mọ́ igi báyìí. Ṣé wọ́n rò pé mo ti ṣíwọ́ ni? Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá tún kú, màá lù ú tòun ti ṣéènì. Bó bá sì jẹ́ èmi ni mo kú, ẹgbẹ́ ààrò ni irin ìrúná mi wà, kí ẹnì kan nínú yín mú un lọ sídìí dọ́ngóyárò, kó lu irin náà fún mi. Ẹ̀yin tó kù, ẹ gbé ìkòkò yín jáde.