Ibi Tí Wọ́n Ti Rọ Alùpùpù Bàbá Mi

Láti kékeré ni a ti mọ̀ nílé wa pé Ìlú Ọba ni wọ́n ti rọ alùpùpù bàbá mi. Bàbá mi fúnra wọn ló ń sọ ọ́. Hẹdimásítà ni wọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Àpòmù, ṣùgbọ́n Ìkirè ni ilé wa wà, nítorí náà àràárọ̀ ni wọ́n ń gun alùpùpù lọ síbi iṣẹ́, tí wọ́n á sì tún gùn ún bọ̀ lọ́sàn-án. Wọ́n ti rà á kí wọ́n tó bí mi. Dúdú ni, ó wúwo bí ọmọ màlúù, àwọ̀ wúrà ni wọ́n sì fi kọ orúkọ rẹ̀ sára táńkì epo. Lábẹ́ ìjókòó, irin pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n kọ "England" sí. Àlejò tó bá wọ ilé wa, bó pẹ́ bó yá, bàbá mi á mú un dé ìdí irin yẹn.

Tí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán, wọn á mú àkísà, wọn á nù ún láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ìyá mi ń dín dòdò Ìkirè tà fún àwọn èrò ọkọ̀ lójú títì Ìbàdàn. Wọ́n máa ń sọ pé àwọn ò bá orogún jowú rí, àfi èyí tó ní táyà méjì. Bàbá mi á rẹ́rìn-ín, wọn á máa nu alùpùpù wọn lọ.

Ohùn alùpùpù náà jinlẹ̀. Kì í han bí àwọn ti Jàpáànù tó ti ń pọ̀ nígbà náà. Gbì, gbì, gbì ló ń dún, bí ẹni ń gúnyán. Àwọn ìyá ọmọ ní Àpòmù kì í wo aago. Tí wọ́n bá ti gbọ́ ọ lọ́ọ̀ọ́kán, wọn á lé ọmọ wọn jáde pé hẹdimásítà ti dé o.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, mo parí ẹ̀kọ́ mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìkirè. Ọdún yẹn ni ewúrẹ́ kan já wọ títì níwájú bàbá mi lọ́nà Àpòmù. Wọ́n yà fún un, alùpùpù sì ṣubú lu òkúta. Orúnkún bàbá mi bó díẹ̀, ewúrẹ́ bá tirẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kábúrétọ̀, ìyẹn ohun tó ń bu epo fún ẹ́ńjìnì, là sí méjì. Mẹkáníìkì wa wá òmíràn dé Ìbàdàn, ó wá a dé Èkó. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ fún un, pé ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ní Ìlú Ọba ti kógbá sílé tipẹ́. Ó bá ra ti Jàpáànù, ó fi tipátipá so ó mọ́ ọn. Alùpùpù náà wúkọ́, ó tu èéfín dúdú, ó sì kú. Bàbá mi ní kí ó tú u kúrò, pé oúnjẹ àjèjì ò bá a lára mu.

Láti ọjọ́ náà, ọkọ̀ èrò ni wọ́n ń dúró dè láràárọ̀. Wọn ò tètè dé ilé ẹ̀kọ́ mọ́, àwọn ọmọ náà ò sì tètè dé mọ́. Àwọn òbí kan tilẹ̀ wá láti Àpòmù, wọ́n jókòó sí pálọ̀ wa, wọ́n béèrè bóyá ara alùpùpù ti ń yá, bí ẹni wá kí aláìsàn.

Olùkọ́ ìṣirò kan wà ní ilé ẹ̀kọ́ wa tó jẹ́ ọmọ Íńdíà. Irú wọn pọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ girama láyé ìgbà náà. Èmi àti ẹ̀ jọ ń lo yàrá olùkọ́ kan náà. Mo sọ fún ìyá mi lọ́jọ́ kan pé kì í jẹ ẹran, kì í jẹ ẹja. Àánú rẹ̀ ṣe wọ́n, wọ́n ní kí n mú un wá sílé kí ó wá jẹ dòdò.

Bó ṣe wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa lọ́jọ́ Sátidé yẹn, ó rí ohun tí a fi aṣọ bò, ọwọ́ tí wọ́n fi ń darí rẹ̀ nìkan ló yọ síta. Ó dúró, ó sì pe orúkọ alùpùpù náà kí ó tó ṣí aṣọ. Inú bàbá mi dùn, wọ́n yára mú un dé ìdí irin pẹlẹbẹ. Ọmọ Íńdíà náà bẹ̀rẹ̀, ó kà á, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní irú rẹ̀ gan-an ni àbúrò bàbá òun ń gùn, pé òun náà ni ọlọ́pàá ń gùn nílùú àwọn, pé títí di òní, ìlú tí wọ́n bí òun sí ni wọ́n ti ń ṣe é.

Bàbá mi béèrè bóyá ayédèrú ni. Ó dáhùn pé rárá. Ó ní àwọn ará Ìlú Ọba ló kọ́kọ́ ń kó àwọn ẹ̀yà rẹ̀ wá kí àwọn tò ó, nígbà tó yá wọ́n kó ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rọ ọ́ fún àwọn, àwọn sì ń rọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ti Ìlú Ọba dáwọ́ dúró, àwọn ò dáwọ́ dúró.

"Tiwa ni báyìí," ló wí.

Bàbá mi fi ọ̀yàyà sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ìgbà tó lọ tán ni wọ́n sọ pé ọmọlúàbí ni ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n irọ́ dùn lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà ọlidé gígùn, ó lọ sí ìlú rẹ̀. Ọjọ́ tó padà dé, ó fi nǹkan wúwo kan sí bàbá mi lọ́wọ́, ìwé ìròyìn tí ẹnìkan ò lè kà nínú wa ni ó fi wé e. Kábúrétọ̀ tuntun ni. Bàbá mi yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n rí "India" lára rẹ̀. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n gbàdúrà fún un gidi, lẹ́yìn náà wọ́n gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, ibẹ̀ ló wà. Wọ́n ní àwọn ò lè fi nǹkan Íńdíà sára ọmọ Ìlú Ọba.

Ó sú ìyá mi. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bàbá mi ń jẹ dòdò, ìyá mi sì fa àpótí jókòó níwájú wọn.

"Bàbá ọmọ mi, kí lẹ ń jẹ yẹn?"

"Dòdò Ìkirè ni."

"Ta ló dín in?"

"Ìwọ náà ni."

"Ọmọ ibo ni mí?"

Bàbá mi dáwọ́ jíjẹ dúró. Ọmọ Àpòmù ni ìyá mi. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ wọn wọ ilé wa ni ìyá bàbá mi tó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń po ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n rà mọ́ ata, tí wọ́n ń dín in nínú epo.

"Ìyá yín tó kọ́ mi ti lọ," ni ìyá mi wí. "Àwọn ọmọbìnrin ilé yìí, iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n ń ṣe, ẹnìkan ò dín in mọ́ nínú wọn. Tí èmi ará Àpòmù bá gbé agbada mi kúrò lórí iná, èwo lẹ ó máa pè ní dòdò Ìkirè?"

Bàbá mi fa àwo wọn mọ́ra. Wọ́n jẹ oúnjẹ wọn tán, wọ́n mu omi. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, tó jẹ́ Sátidé, ni wọ́n ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì.

Kábúrétọ̀ náà bọ́ síbi tirẹ̀ rẹ́gí, kò sí pé à ń fi òòlù lù ú. Bàbá mi tẹ alùpùpù lẹ́ẹ̀kan, ó jí. Wọ́n dúró tì í tí wọ́n ń gbọ́ ọ, ojú wọn sì ń dán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gùn ún lọ sílé ọmọ Íńdíà, èmi sì fẹsẹ̀ rìn tẹ̀lé wọn. Ohun tí ẹnìkan nínú wa ò rí rí ni mo bá níbẹ̀. Bàbá mi, tí wọn kì í jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi pàápàá fọwọ́ kan alùpùpù náà, ti gbé e fún ọmọ Íńdíà náà kí ó gùn ún, wọ́n sì ti jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n di fìlà wọn mú, wọ́n ní kí ó kọrí sí Àpòmù.

Ìyá kan ní Àpòmù sọ fún mi lẹ́yìn náà pé bí òun ṣe gbọ́ ohùn alùpùpù, òun ti da omi lé ọmọ òun lórí, òun ti ń wá aṣọ ilé ìwé rẹ̀, kí ọmọ náà tó rán òun létí pé Sátidé ni. Nígbà tó máa jáde síta, ohun tó rí ni hẹdimásítà tí òyìnbó gbé sẹ́yìn, tí wọ́n ń juwọ́ sí gbogbo ayé.

Ọmọ Íńdíà náà padà sí ìlú rẹ̀ kí àwọn ọdún 1980 tó parí, nígbà tí owó oṣù ò tó nǹkan mọ́. Bàbá mi gun alùpùpù yẹn títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Nígbà náà, àwọn ọlọ́kadà ti kún oríta Ìkirè, Jàpáànù ni alùpùpù gbogbo wọn. Wọ́n wá bẹ bàbá mi kí wọ́n ṣe bàbá ìsàlẹ̀ ẹgbẹ́ wọn. Bàbá mi ṣe bí ẹni tí kò fẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n gbà. Wọ́n lọ sí ìpàdé àkọ́kọ́, wọ́n gba àwọn ọ̀dọ́ níyànjú kí wọ́n máa wo ọ́ìlì wọn láràárọ̀, àwọn ọ̀dọ́ náà sì fún wọn ní àṣíborí pupa kan tó tóbi ju orí wọn lọ. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn bọ̀ wálé lọ́jọ́ náà, wọ́n sì dé àṣíborí náà láti oríta dé ẹnu ọ̀nà wa. Ìyá mi rí wọn lókèèrè, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wá ibi jókòó.