Mọ́tò Verna Hautala Tí Kò Yọni Lẹ́nu Mọ́

Ohun tó kọ́kọ́ ba Verna Hautala lẹ́rù lọ́dún náà ni pé mọ́tò rẹ̀ kò yọ ọ́ lẹ́nu mọ́.

Ẹni tí kò bá mọ mọ́tò náà lè sọ pé ayọ̀ ló yẹ kó fi ṣe. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ ọ́n ní ìlú kékeré yẹn, ní àríwá Michigan, lẹ́bàá adágún ńlá? Mọ́tò búlúù, ẹlẹ́yìn gígùn, tí Verna àti Reuben ọkọ rẹ̀ rà ní àlòkù ní ọdún mọ́kànlélógún sẹ́yìn, nígbà tí Kristine ọmọ wọn ṣì wà nílé ẹ̀kọ́. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù ti jẹ ẹ́ nídìí, ó ti jẹ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, débi pé Reuben ní láti fi páànù tí ìyàwó rẹ̀ fi ń yan bisikíìtì bo ihò kan lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Ẹni tó bá jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún kò lè jáde àfi tó bá fi èjìká gbá ilẹ̀kùn. Láàárọ̀ òtútù, Verna a bẹ̀ ẹ́, a bú u, a fi àtẹ́lẹwọ́ lu dáṣíbọ́ọ̀dù, a ṣíná sí i lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, kí ó tó wúkọ́ bí arúgbó tó ti fa tábà láti kékeré. Lọ́jọ́ ìsìnkú Reuben gan-an, òkú ti dé itẹ́ kí opó tó dé, torí mọ́tò kú síwájú ilé-epo.

"Ẹ tà á," ni Kristine máa ń wí lórí fóònù láti ìlú Green Bay. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tà á."

"Bàbá rẹ kì í ta nǹkan tó bá ṣì ń rìn."

"Ṣé ó ń rìn ni?"

Nígbà tó di oṣù kẹwàá, Verna wọ mọ́tò pé kóun lọ ra kọfí àti ìyẹ̀fun. Ó yí kọ́kọ́rọ́. Kó tó gbé ọwọ́ sókè láti lu dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ́ńjìnì ti dáhùn, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó sùn dáadáa. Verna fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni tí iná jó. Ó pa á. Ó tún ṣíná sí i. Ó tún dáhùn.

"Kí ló ń ṣe ẹ́?" ló bi mọ́tò náà léèrè.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ṣàkíyèsí pé ọ́ìlì kò kán sílẹ̀ mọ́ níbi tó máa ń gbé e sí. Ó tẹ́ páálí sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, páálí gbẹ. Lẹ́yìn èyí ló gbé Joyce Tervo ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sọ́jà. Joyce, tó mọ ìwà ilẹ̀kùn yẹn, fi gbogbo agbára gbá a ní èjìká. Ilẹ̀kùn ṣí wàrà, Joyce sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fojú gbálẹ̀.

"Verna! O tún mọ́tò ṣe, o ò lè sọ fúnni?"

"Mi ò tún nǹkan kan ṣe."

"Ta ló wá ṣe é? Áńgẹ́lì?"

Verna gba áńgẹ́lì gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n kò gbà pé wọ́n ń fi gíríìsì kun ilẹ̀kùn. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ló fi se oúnjẹ nílé ẹ̀kọ́ ìlú náà. Bí ọmọ kan bá ti ń kí i ní ẹ káàárọ̀ ló ti máa ń mọ̀ bóyá ọmọ náà jí bisikíìtì. Ohun tí iṣẹ́ yẹn kọ́ ọ ni pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ: ẹni tó ṣe ọ́ lóore tí kò jẹ́ kí o mọ̀, wò ó dáadáa.

Duane Beaudry ni Verna kọ́kọ́ fura sí. Mẹkáníìkì ni Duane, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì ti bẹ̀ ẹ́ pé kó ta mọ́tò náà fún òun kí òun tú ẹ́ńjìnì rẹ̀. Verna bá a ní ṣọ́ọ̀bù.

"Duane, ṣé o fọwọ́ kan mọ́tò mi?"

Duane yọ orí lábẹ́ ọkọ̀ tó ń ṣe. "Màmá Hautala, ọjọ́ tí mo bá fọwọ́ kan mọ́tò yín, ẹ máa rí bílì."

Èyí jọ òótọ́. Ó bá tẹ Kristine láago. Ó lè jẹ́ pé ọmọ náà ti rán ẹnìkan sí i kí ó tún un ṣe, kí ó lè rí i tà láìjẹ́ kí ìyá mọ̀.

"Èmi kẹ̀? Màámi, ẹni tí màá háyà sí mọ́tò yẹn, ẹni tó máa wá wọ́ ọ lọ ni."

Verna bẹ̀rẹ̀ sí kọ iye máìlì tí mọ́tò ti rìn sí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà, láàárọ̀ àti lálẹ́. Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi rí i. Gbogbo ọjọ́ tó kù, nọ́ńbà kì í yẹ̀. Ṣùgbọ́n ní gbogbo Ọjọ́rú, tí Joyce máa ń fi mọ́tò tirẹ̀ wá gbé e lọ síbi tí àwọn obìnrin ti ń rán aṣọ ìbora ní ṣọ́ọ̀ṣì, máìlì mẹ́ta máa ń lé. Ní Ọjọ́rú kan pàápàá, nígbà tó wọ mọ́tò, tó wo dígí, àjà mọ́tò ló rí. Ẹni tó ga jù ú lọ ti jókòó síbẹ̀, ó sì ti yí dígí sókè.

Bí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò kò bá sí lọ́wọ́ Verna, ara ìṣó ilé ìdáná ló máa ń wà. Ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sì fún wọn nígbà tí wọ́n rà á. Ẹni tó tà á fún wọn sọ pé èkejì ti sọnù.

Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, yìnyín àkọ́kọ́ ti bolẹ̀. Joyce dé, ó fun fèrè, Verna wọ mọ́tò jókòó tì í bó ṣe máa ń ṣe. Nígbà tí wọ́n dé kọ́nà, ó ní kó sọ òun kalẹ̀, kóun lè lọ ṣọ́ ẹni tó ń wa mọ́tò òun.

"Tó bá pa ọ́ ńkọ́?" ni Joyce wí.

"Á jẹ́ pé o mọ ohun tí wàá sọ fún Kristine."

Ó gba ẹ̀yìnkùlé àwọn èèyàn padà, ó wọ inú sáúnà tirẹ̀, ilé onípákó kékeré tó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀, tí wọ́n ti ń wẹ̀ nínú ooru ní gbogbo Àbámẹ́ta. Kò sí iná níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó jókòó sórí pákó òkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó mú irin tí wọ́n fi ń koná dání, ó ń wo mọ́tò.

Kò pẹ́ tí ẹnìkan fi yọ. Ọkùnrin gíga ni, ó ti tẹ̀ léjìká, ó ń fa pákó tí àwọn ọmọdé fi ń yọ̀ lórí yìnyín, àpótí irinṣẹ́ ló gbé sórí rẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó ṣílẹ̀kùn mọ́tò, ó sì wà á lọ. Ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó dá a padà, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi etí lé e bíi dókítà.

Arvid Saarela ni.

Ilé kẹta sí tiwọn ni Arvid ń gbé. Kó tó fẹ̀yìn tì, òun ló ń wa ọkọ̀ tó ń kó yìnyín lójú títì. Ọgbọ̀n ọdún lòun àti Reuben fi jọ ń dẹ ìgbẹ́. Òun ló ta mọ́tò búlúù fún wọn. Ní ọdún kejì, gíábọ́ọ̀sì fọ́ yángá, Reuben sì dìde níbi oúnjẹ ẹja ní gbọ̀ngán ṣọ́ọ̀ṣì, ó pe Arvid ní òpùrọ́ lójú gbogbo èèyàn. Arvid, tó mú fọ́ọ̀kì dání, dáhùn pé mọ́tò náà yóò rin ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún máìlì, bí kò bá rìn ín, kí wọ́n tutọ́ sóun lójú. Láti ọjọ́ náà títí Reuben fi kú, wọn kò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

Verna jáde tòun ti irin rẹ̀.

"Arvid Saarela!"

Arvid fi orí gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì. "Verna. Mo rò pé o wà níbi tẹ́ ẹ ti ń ránṣọ."

"Èmi náà rò pé o níyì. Níbo lo ti rí kọ́kọ́rọ́?"

Arvid wo kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i ni. "Kò sọnù. Mo rí i lọ́dún tí mo tà á gan-an. Kí n tó dá a padà, ọkọ rẹ ti pè mí ní òpùrọ́. Ojú ò jẹ́ kí n wá mọ́."

"Kí lò ń wá lára mọ́tò mi?"

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án máìlì ló kù."

"Ló kù sí kí ni?"

"Kó tó pé iye tí mo sọ."

Verna kò rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè kan ti wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. "Gíábọ́ọ̀sì yẹn. Nígbà tí o tà á fún wa, ṣé o mọ̀ pé kò dáa?"

Arvid mú àkísà, ó ń nu ìka ọwọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ó ń pariwo díẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé á fara dà á."

"Mi ò bi ọ́ léèrè ohun tí o sọ fún ara rẹ."

"Mo mọ̀," ni Arvid wí. "Mo mọ̀ pé kò dáa."

Àṣé Reuben ló jàre. Ohun tó dun Verna jù nìyẹn. Gbogbo ọdún yẹn, òun ló ń sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ìfura rẹ̀ ti pọ̀ jù, pé kó lọ bọ Arvid lọ́wọ́, pé irin ni mọ́tò, irin a máa bàjẹ́. Reuben kú pẹ̀lú òótọ́ rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ kò sì gbà á gbọ́.

Ó na ọwọ́. "Kọ́kọ́rọ́."

Arvid fún un.

"Máa lọ."

Arvid kó irinṣẹ́ rẹ̀ sórí pákó, ó wọ́ ọ lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mọ́tò fi ṣe dáadáa. Lẹ́yìn náà, òtútù burúkú dé, irú èyí tí irun inú imú fi ń dì. Verna ní àdéhùn pẹ̀lú dókítà ojú ní ìlú Marquette lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó ṣíná sí mọ́tò. Kẹ́kẹ́ pa. Kò tilẹ̀ wúkọ́.

Ó wọ ẹ̀wù òtútù, ó lọ tààrà sí ilé Arvid. Arvid ṣílẹ̀kùn, ó mú ṣíbí ọbẹ̀ dání.

"Kí lo ṣe sí mọ́tò mi?"

"O ti gba kọ́kọ́rọ́."

"Ẹni tó fi ọ̀kan pamọ́ fún ọdún mọ́kànlélógún, kí ni ò ní jẹ́ kó fi méjì pamọ́?"

Arvid ronú sí i. "Mi ò lè bá ọ jiyàn níbẹ̀. Wọlé, wá yẹ ilé mi wò."

Arvid rò pé yóò kọ̀ ni. Verna kò kọ̀. Ó tú dúrọ́ọ̀ ilé ìdáná, ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó tún wo inú bàtà. Nígbẹ̀yìn, ó rí agolo kọfí kan tí kọ́kọ́rọ́ kún inú rẹ̀, tí wọ́n tó ogójì: ti àgádágodo, ti ọkọ̀ yìnyín, ti ọkọ̀ tó ti di àwátì.

"Kí nìyí?"

"Èmi kì í ju kọ́kọ́rọ́ nù."

"A ti mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Wọ́n gbé agolo lọ sídìí mọ́tò. Nínú òtútù yẹn, arúgbó méjèèjì dúró, wọ́n ń ti kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan, Verna ń kà á sókè. Joyce kọjá nínú mọ́tò tirẹ̀, ó dẹ̀rìn, ó wò wọ́n, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò sí ọ̀kankan tó ṣí i.

"Ṣé kí n wá wo bọ́nẹ́ẹ̀tì báyìí?" ni Arvid wí. Etí rẹ̀ ti pọ́n bí ata.

Ó ṣí i. Ìtẹ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì, wáyà mẹ́ta sì ti já. "Eku ni."

"Fi eku náà hàn mí."

"Eku ò dúró de adájọ́, Verna."

Verna bẹ̀rẹ̀, ó fa ìtẹ́ náà tú. Òwú ni wọ́n fi ṣe é, òwú funfun tí Verna rà fún aṣọ ìbora, tó kó sínú ahéré kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ń gbé mọ́tò sí, tó sì fi àgádágodo tì. Abẹ́ ilẹ̀kùn ahéré náà sì rèé, eyín ti jẹ ẹ́.

"Tún un ṣe," ni Verna wí.

Arvid bọ́ ìbọ̀wọ́, torí wáyà kéré jù. Ó so wọ́n pọ̀, ó lẹ̀ wọ́n, ìka rẹ̀ funfun bí àbẹ́là. Nígbà tí Verna ṣíná sí i, mọ́tò dáhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Omi wà níbi kan tí mo lè fọ ọwọ́?" ni Arvid béèrè.

Verna nawọ́ sí ẹ̀rọ omi ìta. Àwọn méjèèjì wò ó. Ó ti dì látòkè délẹ̀. Verna lọ ṣí ilẹ̀kùn ilé ìdáná.

"Bọ́ bàtà rẹ."

Ó dúró lẹ́yìn Arvid ní gbogbo ìgbà tó fi ń fọ ọwọ́, ojú rẹ̀ kò kúrò lára rẹ̀.

Ó fi wákàtí kan pẹ́ dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú. Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, Arvid wá, ó kan ilẹ̀kùn. Láti ìgbà náà, Verna kì í bá Joyce lọ ránṣọ àfi tí Arvid bá ti kó irinṣẹ́ rẹ̀ kúrò. Á gbé àga síta, á wé ọrùn, á jókòó tì í, á sì máa béèrè ohun tí síkúrù kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Bí Arvid bá ní kò ṣe pàtàkì, á ní kó ṣàlàyé rẹ̀.

"Màámi, ṣé ẹ ti dárí jì í ni?" Kristine bi í lórí fóònù.

"Mi ò tíì sọ bẹ́ẹ̀. Mo ṣì ń wò ó," ni Verna wí, ó sì sọ fóònù kalẹ̀, torí ó gbọ́ tí Arvid pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, kò sì fẹ́ kó kó irinṣẹ́ lọ láìjẹ́ pé òun wà níbẹ̀.