Ẹní Tí Ìyá Ògòtún Hun Sílẹ̀ fún Ara Wọn

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ro ẹjọ́ mi fún yín, torí ọ̀rọ̀ yìí ti ń gbóná nínú mi láti ìgbà tí a ti sin ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Bí mo bá pariwo níbì kan, ẹ má bínú. Inú ló ń bí mi.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ni mí, òṣìṣẹ́ ìjọba sì ni mí ní Adó, ní ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àṣà. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi yìí, Ògòtún ni wọ́n lọ́kọ sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń hun ẹní títí wọ́n fi darúgbó. Ìyá Ògòtún la máa ń pè wọ́n. Àwọn ló wò mí dàgbà lẹ́yìn tí ìyá mi kú.

Àṣà kan wà nínú ìdílé ọkọ wọn. Obìnrin tó bá ń hun ẹní gbọ́dọ̀ hun ọ̀kan sílẹ̀ fún ara rẹ̀, èyí tó dára jù lọ tí ọwọ́ rẹ̀ lè hun. Kò ní tà á, kò ní sùn lórí rẹ̀. Orí ẹní yẹn ni wọ́n á tẹ́ ẹ sí lọ́jọ́ tó bá kú, kí àwọn èèyàn wá wo ojú rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e sínú pósí. Ìyá ti hun tiwọn nígbà tí ojú wọn ṣì ríran dáadáa. Wọ́n ká a, wọ́n fi aṣọ wé e, wọ́n gbé e sórí àjà.

Àfi bí ọ̀gá mi ṣe pè mí lọ́jọ́ kan. Ó ní àwọn orílẹ̀-èdè fẹ́ ṣèpàdé lókè òkun lórí òwò àti àṣà. (Ẹ má bi mí ìdí tí mi ò fi pe ọ̀gá ní "wọ́n". Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tán!) Ohun tí wọ́n fẹ́ pinnu ni pé, ṣé kí orílẹ̀-èdè lè ṣe òfin tó máa dáàbò bo iṣẹ́ ọwọ́ àwọn èèyàn rẹ̀, àbí kí ọjà ilé iṣẹ́ ńláńlá máa wọlé bó ṣe wù ú.

Ṣé ẹ̀yin náà ò rí ẹní rọ́bà tó kún ọjà Ìkẹ́rẹ́ ni? Ọnà Ògòtún wa gan-an ni wọ́n tẹ̀ sórí rẹ̀, ẹ̀rọ ló sì ṣe é! Àwọn obìnrin Ògòtún á jókòó ti ẹní wọn láti àárọ̀, kò ní sẹ́ni tó máa ná an.

Ọ̀gá ní kí n wá ẹní gidi tí a máa tẹ́ síwájú àwọn aṣojú ìjọba wọ̀nyẹn, kí ojú wọn rí ohun tó ń kú lọ. Ó ní èyí tó dára jù lòun fẹ́.

Mo wọ mọ́tò lọ sí Ògòtún. Mo wo ẹní títí, kò sí èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn. Ìka Ìyá sì ti le, wọn ò lè hun òmíràn. Àwọn fúnra wọn ló ní kí n gbé ti orí àjà sọ̀ kalẹ̀. Mo ní rárá o, Ìyá, tiyín kọ́ ni mo wá gbà!

Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Bó bá máa gba uṣẹ́ wa là, mú un lọ. Ṣùgbọ́n kó padà sí ulé kí n tó kú o."

Mo kúnlẹ̀, mo ṣèlérí. Mo ní èmi ni mo gbé e lọ, èmi náà ni màá gbé e bọ̀.

Orí itan mi ni mo gbé e lé nínú ọkọ̀ òfurufú tí èmi àti ọ̀gá wọ̀ lọ. A tẹ́ ẹ sórí tábìlì gígùn kan nínú gbọ̀ngàn ìpàdé, àwọn èèyàn ń ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ pa á. Inú mi dùn, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti bọ́ sí i.

Àṣé mò ń tan ara mi! Aṣojú orílẹ̀-èdè olówó kan gba maikirofóònù. Ó ní ẹní náà rẹwà, òun ì bá fẹ́ ní irú rẹ̀ nílé, ṣùgbọ́n ọjà lọjà ń jẹ́, ẹni tó fẹ́ rà ni kó yan èyí tó wù ú. Ẹ gbọ́ o! Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ yẹn, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí ẹní Ìyá mi!

Àwọn tiwa fèsì, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn, wọ́n sọ̀rọ̀ dáadáa. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí ó fi sú gbogbo wa. Nígbẹ̀yìn, kí ìpàdé má bàa tú ká, wọ́n yọ ọ̀rọ̀ ààbò kúrò láàárín àwọn òfin, wọ́n gbé e sínú ọ̀rọ̀ àkọ́sọ, níbi tí wọ́n ti ń yin ara wọn, níbi tí kò ti lè de ẹnikẹ́ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá mi náà pàtẹ́wọ́! Ó sọ fún mi pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, díẹ̀díẹ̀ ni.

Èyí tó wá pa mí lára jù nìyí. Àwọn tó gbà wá lálejò bẹ̀bẹ̀ pé kí a fi ẹní náà sílẹ̀ fún ìpàtẹ wọn. Mo ní kò ṣeé ṣe, mo ṣàlàyé ohun tí ẹní náà wà fún. Ọ̀gá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ṣé mo fẹ́ dójú ti orílẹ̀-èdè ni? Ó ní kò ní pẹ́, wọ́n á fi ránṣẹ́. Kí n tó padà dé ìdí tábìlì, ó ti fọwọ́ sí ìwé wọn. Kí ni kí n ṣe? Kí n já a gbà?

Wọ́n fi ránṣẹ́ lóòótọ́. Ó dé Èkó, kọ́sítọ́ọ̀mù dì í mú. Wọ́n ní ẹní tó ti òkè òkun wọlé ni, kí ẹni tó kó o wọlé wá fi ìwé rẹ̀ hàn. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, Ògòtún ni wọ́n ti hun ún! Ọkùnrin kọ́sítọ́ọ̀mù tó gbé fóònù mi sọ pé "òkè òkun" lòun rí tí wọ́n kọ sára ẹrù, ohun tí òun mọ̀ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ tírélà ẹní rọ́bà ń kọjá lójoojúmọ́, ìwé tiwọn pé!

Ẹnu ìyẹn ni mo wà tí wọ́n fi pè mí láti Ògòtún pé àìsàn Ìyá ti le. Mo sáré lọ. Ìyá di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "Ẹní mi ńkọ́?"

Mo ní ó wà lọ́nà.

Wọ́n ní ṣé àwọn èèyàn yẹn rí i? Mo ní wọ́n rí i, Ìyá. Wọ́n ní ṣé wọ́n á wá gba uṣẹ́ wa là? Mo bú sẹ́kún. Ìyá yí ojú sí ògiri. Wọn ò bi mí ní nǹkan kan mọ́ títí wọ́n fi kú.

Àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń hun ẹní fẹ́ mú tiwọn wá. Àwọn àgbà ilé ní èèwọ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gba ibùsùn ikú ẹlòmíràn. Wọ́n ní bí ti Ìyá ò bá sí, kí a wá èyí tí ọwọ́ obìnrin kankan ò hun.

Ẹ sọ fún mi, ẹní wo ni ọwọ́ obìnrin kankan ò hun?

Rọ́bà ni wọ́n lọ rà wá. Rọ́bà ni wọ́n tẹ́ Ìyá mi sí, tòun ti ọnà Ògòtún tí wọ́n tẹ̀ sórí rẹ̀. Ó ń dún bí a ṣe ń tún aṣọ wọn ṣe, orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é sì hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Àwọn obìnrin yẹn dúró, wọ́n ń wò ó. Ọ̀kan nínú wọn fi ìborùn bo ojú.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni kọ́sítọ́ọ̀mù tó yọ̀ǹda ẹní. Ọ̀gá ti tún pè mí, ó ní ìpàdé mìíràn ń bọ̀, kí n gbé e wá. Mo gé fóònù mọ́ ọn létí.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ò pọ̀. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ dáàbò bo àṣà yín, ẹ kọ́kọ́ bi í pé kí ló fẹ́ ṣe fún ẹni tó ni àṣà náà. Ohun tí ẹ ò bá lè rí òmíràn rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó kúrò nílé, ì báà jẹ́ ìjọba ló wá bẹ̀ yín.

Ẹ̀yin tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí rí, ẹ dákun, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Kí ni ẹ fi ẹrù òkú tó dé lẹ́yìn òkú ṣe? Mi ò lè tà á, kò sẹ́ni tó lè sùn lórí rẹ̀. Ó wà ní kíká lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, pépà tí kọ́sítọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ọn pé ọjà òkè òkun ni ṣì wà lára rẹ̀.