Ògiri Tó Mu Omi Wa

Òórùn bíríkì gbígbẹ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu omi kò yàtọ̀ sí ti ìkòkò amọ̀ tuntun tí wọ́n kọ́kọ́ pọnmi sí. Lọ́dọ̀ wa létí òkun, níbi tí gbogbo ilé ti jẹ́ pákó tó dúró lórí òpó nínú ẹrọ̀fọ̀, ibì kan ṣoṣo ni ènìyàn ti lè gbọ́ òórùn yẹn: ẹ̀yìn ilé ìjọ, lára táńkì omi òjò. Àwọn tó ṣáájú wa ló kọ́ ọ. Wọ́n fi ọkọ̀ kó bíríkì pupa rẹ̀ wá láti ilẹ̀ òkè nígbà tí wọn kò tíì bí mi. Òjò tó bá rọ̀ sórí páànù ilé ìjọ ni gọ́tà ń darí sínú rẹ̀. Jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ omi ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Omi yí wa ká, ó ń wọ abẹ́ ilé, ó ń gbé ọkọ̀ wa, ṣùgbọ́n bí o bá bu díẹ̀ sẹ́nu, kíá lo máa tu ú dànù. Omi iyọ̀ ni. Bí táńkì bá gbẹ, a ó máa dúró de ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tó ń ta omi láti Igbókọ̀dá, ẹni tó ń ta á sì mọ̀ pé a ń dúró de òun.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, táńkì náà kò dá omi dúró mọ́. Bíríkì rẹ̀ ṣì le, àmọ́ ohun tí wọ́n fi so wọ́n pọ̀ ti rà. Bí o bá fi ìka ha àárín bíríkì méjì, á máa dà sílẹ̀ bíi gàrí. Àwọn obìnrin ti fi àkísà dí i, wọ́n ti fi ọṣẹ dí i. Lọ́dún tó ṣáájú, ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ káfíńtà ọkọ̀ gba iṣẹ́ náà ṣe. Ó ṣe é bí a ṣe ń dí ọkọ̀ tó ń jò: ó ki òwú sí gbogbo àlàfo, ó sì fi ọ̀dà dúdú lé e. Omi dúró lóòótọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà òjò yẹn ni a fi mu omi tó ń rùn bí ọkọ̀ tuntun. Ẹ̀bà rùn bí ọkọ̀. Tíì rùn bí ọkọ̀. Alùfáà wa ní ó ti wá yé òun bí inú ọkọ̀ Nóà ṣe rí.

Ìyàwó mi kò tíì pẹ́ tó kú nígbà náà. N kì í ṣe ẹlẹ́nu púpọ̀ tẹ́lẹ̀; òun ló ń bá mi sọ èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ mi. Òun náà ló tì mí lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àgbà nígbà tí irùngbọ̀n mi ti kún, tí mo fi lè kọ ohun tí ò ń kà yìí. Nígbà tó lọ, mo pa ẹnu dé. Mò ń dẹ àwọ̀n mi, mò ń yan ẹja mi, mò ń dá jẹun. Bí ẹnìkan bá gbé oúnjẹ wá, mo máa ń dúpẹ́, mo sì máa ń ní mo ti jẹun.

Ìyá ìyàwó mi ni olórí àwọn obìnrin ìjọ. Òun ló wá bá mi lórí afárá pákó iwájú ilé mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ń lọ sópin.

“Àna mi, wọ́n ní o ṣe bíríkìlà rí nílẹ̀ òkè.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.”

“Ṣé o lè tún táńkì yìí ṣe kí òjò tó dé?”

“Ó ṣeé ṣe.”

Ó kọjú sí odò bí ẹni tó ń bá ẹja sọ̀rọ̀. “Ẹ gbọ́? Odindi gbólóhùn méjì ló jáde! Ọjọ́ ire lòní.”

Iṣẹ́ náà kò le, ṣùgbọ́n kò fẹ́ ìkánjú. Mo fi òòlù àti irin ṣóńṣó yọ òwú káfíńtà, mo yọ ọ̀dà rẹ̀, mo wá ń ha gbogbo èyí tó ti rà kúrò títí irin fi kan ibi tó ṣì le. Bí o bá fi tuntun bo jíjẹrà mọ́lẹ̀, ojú lásán lo tún ṣe. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń sọ fún wa pé ní ìlú òtútù, omi a máa wọ àárín bíríkì, a di yìnyín, a wú, a sì máa fọ́ ohun tó so wọ́n pọ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún. Àwa kò ní yìnyín, iyọ̀ la ní. Atẹ́gùn òkun a gbé e wá, a bá ọ̀rinrin wọ ara ògiri, oòrùn a fa omi gbẹ, iyọ̀ a dì síbẹ̀, òun náà a sì máa fọ́ ọ bíi yìnyín. Bí mo ṣe ń ha á ni mò ń rí i, ó funfun, ó kúnná, bí ìyẹ̀fun tó máa ń bo ojú ẹni tó ń lọ èlùbọ́.

Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ ràn mí lọ́wọ́. Wọ́n wa ọkọ̀ lọ sí etí òkun, wọ́n kó iyanrìn tó mọ́ tó ń dán wá. Mo fi ìka mú díẹ̀, mo fi sórí ahọ́n, nítorí bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn. Iyọ̀ wà níbẹ̀. Mo mi orí. Káfíńtà tó dúró tì wá pariwo, “Ẹ wá wò ó o! Ebi ti sọ bíríkìlà wa di adìyẹ!” Wọ́n tún lọ sí òkè odò lọ́hùn-ún, níbi tí omi ti dùn, wọ́n sì kó òmíràn wá. Bí mo ṣe ń tọ́ ọ wò, gbogbo wọn ń wo ẹnu mi. Mo ní, “Kò níyọ̀.” Ẹnìkan ní kí n fi ata sí i.

Ibi omi ni ọ̀rọ̀ ti wá dì. Òùngbẹ a máa gbẹ bíríkì: bí o bá fi sìmẹ́ńtì pípò kàn án ní gbígbẹ, á fa gbogbo omi inú rẹ̀ mu, sìmẹ́ńtì náà á sì di eruku kí ó tó mú bíríkì. O gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún ògiri lómi mu yó. O máa fi omi po iyanrìn, sìmẹ́ńtì àti ẹfun tí a fi ń kun ilé, èyí tí kì í jẹ́ kí sìmẹ́ńtì le ju bíríkì lọ. Lẹ́yìn náà, o máa wọ́n omi sí i lójoojúmọ́ títí á fi le dáadáa. Bí mo bá sì lo omi odò wa, iyọ̀ tí mo ti ń ha jáde ni mò ń dá padà. Omi mímu ni mo nílò, nígbà tí olúkúlùkù ń fi ife wọn omi nínú ilé rẹ̀.

Mo sọ fún ìyá ìyàwó mi, mo rò pé á bá mi sọ ọ́ fún àwọn obìnrin. Ó ń fẹ́ iná abẹ́ ẹja, kò gbójú sókè.

“Ṣé èmi ni bíríkìlà?”

“Rárá, Màmá.”

“Ẹnu rẹ ni kí o fi tọrọ rẹ̀ nígbà náà. Ilé kọ̀ọ̀kan. Má fo ọ̀kankan.”

Inú mi kò dùn. N kò tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti ọjọ́ ìsìnkú. Ṣùgbọ́n ìkùukùu ti ń ṣú lójú òkun ní ìrọ̀lẹ́, ògiri náà sì ti ṣí sílẹ̀ yíká. Bí òjò ńlá bá bá a bẹ́ẹ̀, kì í ṣe jíjò nìkan, ó lè wó. Ilé káfíńtà ni mo kọ́kọ́ lọ. Ìyàwó rẹ̀ ń ṣa edé lẹ́nu ọ̀nà.

“Ẹ jọ̀ọ́, omi mímu ni mo wá tọrọ.”

Ó dìde lójú ẹsẹ̀. “Bàbá, òùngbẹ ń gbẹ yín?”

“Èmi kọ́. Ògiri ni.”

Ó wò mí bóyá mo ti mu ògógóró. “Ògiri fẹ́ mu omi?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ṣé kò ní í jẹ púpurú sí i?”

Ó kígbe pe àwọn aládùúgbò. Kò pẹ́ tí àwọn obìnrin fi kún orí afárá pákó. “Ẹni tí kì í gba ẹja lọ́wọ́ wa ló wá ń tọrọ omi fún bíríkì!” “Ẹ bi í bóyá omi inú fíríìjì ni ògiri náà fẹ́!” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí pákó fi ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. N kò mọ ìgbà tí ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu èmi náà. Ó ṣe mí bíi pé ẹlòmíràn ló ń rín in. Láti ibẹ̀, mo lọ sí àwọn ilé tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan, n kò fo ọ̀kankan.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n dé. Wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì, wọ́n gbé garawa, àwọn mìíràn mú píọ́ wọ́tà tí wọ́n fi eyín já. Kò sí èyí tó gbà kí n bá òun dà á. Ẹnìkọ̀ọ̀kan fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ́n tirẹ̀, wọ́n sì ń kìlọ̀ fún ògiri: “Mu ún o, ṣùgbọ́n o máa dá a padà!” Bíríkì ń fà á mu, pupa rẹ̀ ń dúdú sí i. Mo tẹ̀ lé wọn, mò ń fi irin pẹlẹbẹ ki sìmẹ́ńtì sínú àlàfo díẹ̀díẹ̀, mò ń tẹ̀ ẹ́ ṣinṣin. Lọ́sàn-án, ìyá ìyàwó mi gbé púpurú àti ọbẹ̀ ẹja wá. Mo la ẹnu láti sọ pé mo ti jẹun. Ó ní, “Ògiri ti mu. Ìwọ náà jẹ.” Èmi àti káfíńtà jẹ ẹ́ nínú àwo kan.

Àkọ́rọ̀ òjò dé lọ́jọ́ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìpele tó kẹ́yìn. Òkun ṣókùnkùn, atẹ́gùn ń gbé àwọ̀n tí a sá. Inú gbogbo ènìyàn dùn, wọ́n sáré wá sí ẹ̀yìn ilé ìjọ láti wo bí táńkì á ṣe kún. Àmọ́ sìmẹ́ńtì ṣì tutù. Bí omi bá kún inú táńkì lọ́jọ́ yẹn, ìwúwo rẹ̀ á ti gbogbo iṣẹ́ náà jáde, omi tí àwọn obìnrin fi sílẹ̀ láìmu á sì di òfo. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ sọ fún wọn.

“Ẹ yí gọ́tà kúrò!” N kò mọ̀ pé mo ní irú ohùn bẹ́ẹ̀.

Káfíńtà yíjú padà. “Kúrò báwo? Òjò tí a ti ń retí látọjọ́ yìí?”

“Kò tíì mú. Ẹ yí i kúrò!”

“Ká máa wo omi dídùn kó máa ṣàn lọ sínú odò iyọ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Òmíràn á rọ̀.”

Ó wo ojú ọ̀run, ó wò mí. Ìyá ìyàwó mi ló dá sí i: “Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ ló pariwo yẹn. Ṣe ohun tó ní kí o ṣe.” Káfíńtà gun àkàbà, ó yí gọ́tà, ó sì sáré lọ gbé aṣọ ìgbòkun ọkọ̀ rẹ̀ wá, a fi bo ògiri. A gbé agbada, ìkòkò, àní ọkọ̀ kékeré kan, sábẹ́ omi tó ń dà. Wọ́n wẹ̀, wọ́n jó. Síbẹ̀ èyí tó pọ̀ jù lọ sínú odò, mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń lọ.

Àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e le ju iṣẹ́ náà lọ. Òjò kò rọ̀ mọ́. Oòrùn ń ràn bí ẹni pé ẹ̀ẹ̀rùn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ olómi tún dé. Bí mo bá kọjá, káfíńtà a wo òkè, a ní, “Òmíràn á rọ̀, àbí?” Mò ń rin àpò ìdọ̀họ tí mo fi bo ògiri lómi, mò ń gbàdúrà ju alùfáà lọ.

Nígbà tó rọ̀, a dá gọ́tà padà. Gbogbo wa dúró nínú òjò, a ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa ara ògiri. Káfíńtà fò sókè: “Ó ń jò! Ọwọ́ mi tutù!” Ìyá ìyàwó mi ní, “Orí rẹ náà tutù. Ṣé orí rẹ ń jò?” Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, oòrùn gbẹ ojú ògiri, táńkì kún dé ọrùn, kò sì sí ẹ̀kán omi kan tó yọ láàárín bíríkì. Káfíńtà ló kọ́kọ́ bu mu. Ó pa ojú dé, ó ní, “Ó dára. Ó kàn ku ọ̀dà díẹ̀ ni.”

Táńkì náà ṣì ń mú omi. Mo máa ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún, nítorí iyọ̀ kì í sinmi. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé ẹni tí kò bá gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ti dín wàhálà kù fún gbogbo ayé. Ìgbà tí mo lọ láti ilé dé ilé ni mo rí i pé ilẹ̀kùn ni mo tì mọ́ àwọn tó fẹ́ bá mi ṣọ̀fọ̀, àti pé ìyá tó bí ìyàwó mi wà lára wọn. Mo tún máa ń ronú nípa òjò tí a jẹ́ kó lọ. Bí n kò bá tíì tọrọ omi lọ́wọ́ wọn, ta ni ì bá gbọ́ tèmi nígbà tí mo ní kí wọ́n dà á nù?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, mo máa ń lọ jókòó lọ́dọ̀ ìyá ìyàwó mi. Ó ti darúgbó, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Bí mo bá dákẹ́ jù, ó máa ń na ọwọ́ láti mọ̀ bóyá mo ṣì wà níbẹ̀. Mo ti kọ́ láti máa sọ̀rọ̀ kí ọwọ́ náà tó dé ọ̀dọ̀ mi.