Àtẹ́lẹwọ́ Mi Lórí Táìlì

Láti kékeré ni àtẹ́lẹwọ́ mi ti máa ń làágùn, tí omi á máa kán tó, tó. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti jáde yunifásítì tí mo jókòó sílé màmá mi ní Mamobi, ní Accra. Ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ashaiman nìkan ló pè mí wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, iṣẹ́ olùkọ́ sáyẹ́ǹsì. Kì í ṣe ìbéèrè wọn ló bà mí lẹ́rù. Ní Accra, bí èèyàn bá wọ yàrá, á bọ gbogbo ẹni tó bá níbẹ̀ lọ́wọ́, láti ọ̀tún lọ sí òsì.

Mo wá dá ọgbọ́n kan. Ọmọ Yorùbá kì í kọ́kọ́ na ọwọ́ sí àgbà. Màá dọ̀bálẹ̀.

Mo wọlé, mo rí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ àti obìnrin tó jẹ́ igbákejì rẹ̀, mo sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Nígbà tí mo dìde, ilẹ̀ ni àwọn méjèèjì ń wò. Ọwọ́ mi ti tẹ̀ sórí táìlì, tomi-tomi, pẹ̀lú gbogbo ìka.

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó fi orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá ní Ghana pè mí. “Ẹ̀yin Alata! Ṣé ẹ máa ń fọ ọwọ́ kí ẹ tó kíni ni?”

Ojú tì mí. Pé ojú ń tì mí yẹn tún ń tì mí lójú, òógùn náà sì ń pọ̀ sí i. “Ẹ má bínú, mà. Òógùn ni.”

“Ooru ni,” ni ọ̀gá wí, ó ń nu ọrùn. “Èmi náà ń làágùn.”

“Tiyín ni ooru, sà. Tèmi, ẹ̀rù ni.”

Ó gbé áńkáṣíìfù rẹ̀ sílẹ̀. “Ẹ̀kọ́ tí o múra sílẹ̀, pa á tì. Èyí ni kí o kọ́ wa.”

Mo ní ọpọlọ ló ń darí òógùn méjèèjì. Àwọn iṣan tín-ín-rín ló ń gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn jíṣẹ́ rẹ̀ dé ibi tí òógùn ti ń sun lábẹ́ awọ. Bí ooru bá mú wa, iṣẹ́ náà á dé ọrùn, ẹ̀yìn àti iwájú orí, kí ara lè tutù. Bí ọkàn bá dàrú, àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́. Kò sẹ́ni tó lè pàṣẹ fún òógùn. Bí mo bá ní kí ọwọ́ mi gbẹ, ńṣe ni mò ń dá ìdààmú mìíràn sílẹ̀ fún ara mi.

“Bí iṣan yẹn bá wá já ńkọ́?”

“Ibẹ̀ á gbẹ, sà. Nígbà mìíràn ó máa ń ṣe mí bíi kó já.”

Obìnrin náà tún rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. “Ọjọ́ Ajé ni kí o wá. A ó kọ́kọ́ wò ọ́ fún táàmù kan.”

Nínú trotro, ọkọ̀ èrò tí mo wọ̀ padà sílé, mo fẹ́ pe màmá mi, ṣùgbọ́n fóònù kò gbọ́ àtàǹpàkò mi. Mo nù ún mọ́ ṣòkòtò, ó tún tutù. Inú mi dùn, àmọ́ ìdùnnú náà ò jẹ́ kí n jókòó jẹ́ẹ́. Mo ti ń rò ó pé táàmù kan lè tètè parí. Mo bẹ ìyá tó jókòó tì mí pé kó bá mi tẹ nọ́ńbà náà.

Ó wo ọwọ́ mi, ó wo ojú mi. “Ṣé ibà ń ṣe ọ́ ni?”

“Rárá, mà. Wọ́n gbà mí síṣẹ́ ni.”