Ètò Tó Ní Kí Èèyàn Méjì Fọwọ́ Sí I

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi orí ímeèlì, kọ̀ǹpútà kí mi kú iṣẹ́ lónìí, omi sì fẹ́ẹ̀ bọ́ lójú mi.

Oníbàárà wa ló ní ká má pe kọ̀ǹpútà tó ń pàṣẹ ní "ọ̀gá", ká pe èyí tó ń gba àṣẹ ní "ẹrú" mọ́ nínú iṣẹ́ tí à ń ṣe fún òun. Ó kúkú tọ́. Ta ló fẹ́ gbọ́ ẹrú? Mo pààrọ̀ àwọn orúkọ náà níbi gbogbo.

Àmọ́ ètò kọ̀ǹpútà tó ń dá ṣọ́ iṣẹ́ wa ní ọ́fíìsì Yaba yìí kì í gba àtúnṣe ẹnì kan. Ẹlòmíì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n Wálé, tí a jọ ń ṣiṣẹ́ níbí tẹ́lẹ̀, ni wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó lọ sí London. Mo pè wọ́n lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ni kó bá mi fọwọ́ sí i?"

"Àwọn yòókù dà?"

"Gbogbo wọn ti tẹ̀ lé yín lọ."

Wọ́n ní: "Bọ́ sórí àga mi, fi orúkọ mi sí i."

Mo dìde, mo lọ jókòó sórí àga wọn, mo fi orúkọ wọn fọwọ́ sí iṣẹ́ ara mi. Ètò náà gbà á, ó wá kọ ọ́ gàdàgbà:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin méjèèjì."

Ẹni tó bá ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn. Méjèèjì wo?