Ọkùnrin Inú Jọ́ọ̀gì

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, fọ́tò pélébé tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ káàdì ìdánimọ̀ ni mo bá lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó fi mí jókòó sórí àpótí, ó wò mí títí, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú o, etí òsì yín fi díẹ̀ rẹlẹ̀ ju tọ̀tún lọ. Ṣé ẹ mọ̀?" N kò mọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, n kò lè wo dígí kí n má rántí rẹ̀.

Rẹ́gí ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí pé ọ̀rọ̀ yẹn kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Bó bá rí fèrèsé méjì tó kọjú síra wọn, á ní, "Rẹ́gí!" Bí ajá méjì bá sùn sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ẹnu ọ̀nà báńkì, á sáré lọ mú kámẹ́rà. Nígbà kan, ó rí obìnrin kan tó gbé garawa omi kan sọ́wọ́ ọ̀tún, tó gbé òmíràn sọ́wọ́ òsì, tó ń bọ̀ láàárín òpópónà gbọnrangandan. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó bẹ obìnrin náà kó dúró. Obìnrin náà dúró. Ó ní kó gbé garawa òsì sókè díẹ̀ sí i. Obìnrin náà gbé e sókè lóòótọ́, ó da omi inú rẹ̀ lé Rẹ́gí lórí, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kì í ṣe omi tútù ló dun Rẹ́gí. Ohun tó dùn ún ni pé garawa kan kún, ìkejì ṣófo.

Nílé ńkọ́? Ọmọ mẹ́ta ni ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, bí fún un. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò ẹbí, ó fi ìyá sáàárín, ọmọ méjì lọ́tùn-ún, ẹyọ kan lósì. Ó wò ó, ó mi orí.

"Ìyá àwọn ọmọ, ó ń wọ̀ sí ọ̀tún. Ó yẹ ká ní ọmọ kan sí i."

"Nítorí fọ́tò?"

"Nítorí òsì ni."

"Olówó orí mi, ẹ lọ dúró sí òsì náà fúnra yín. Aṣọ oníbàárà ń dúró dè mí."

Iṣẹ́ tí Rẹ́gí fẹ́ràn jù láyé ni èyí tó ń ṣe fún ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ife, abọ́ àti jọ́ọ̀gì onígíláàsì. Ọdọọdún ni wọ́n máa ń tẹ kàlẹ́ńdà fún àwọn oníbàárà wọn, òun ló sì ń ya àwòrán inú rẹ̀. Gíláàsì kì í ṣẹ́jú, kì í sọ pé ẹ̀yìn ń dun òun, bí o bá ní kó dúró, á dúró. Wàhálà kan ṣoṣo tó ní ni pé ó máa ń fi ohun gbogbo tó bá wà níwájú rẹ̀ hàn, títí kan ẹni tó ń yà á. Nítorí náà, Rẹ́gí a máa ta aṣọ dúdú síwájú, á dá ihò sí i fún ojú kámẹ́rà, òun náà á sì fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, Màdáámù tó ni ilé-iṣẹ́ náà ti kìlọ̀ fún un. Kàlẹ́ńdà èṣí pẹ́ kó tó jáde, nítorí pé Rẹ́gí ń to ife, ó ń tún un tò. "Bí ọ̀ràn bá tún wà nínú tọdúnnìí," ni Màdáámù wí, "mo ti rí ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe tiẹ̀." Rẹ́gí mọ ohun tó túmọ̀ sí: ó di kó padà sídìí fọ́tò pélébé, kó máa wo etí àwọn èèyàn títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀.

Ojú ewé àkọ́kọ́ ni olórí kàlẹ́ńdà náà. Jọ́ọ̀gì ńlá kan ló máa wà níbẹ̀, tó ní ìdìmú méjì, tí ikùn rẹ̀ pín sí méjì bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tí oúnjẹ kún ẹnu rẹ̀. Bàbá Ìléru, àgbà tó ń fi ẹnu fẹ́ gíláàsì gbígbóná níbẹ̀, ló ṣe é. Nígbà tí Rẹ́gí rí i, ó yọ rúlà, ó wọn ìdìmú méjèèjì lójú àwọn àlejò, ó ní, "Háà! Ó mà dọ́gba!" bí ẹni tó rí ewúrẹ́ tó ń kàwé. Láti ọjọ́ náà ni Bàbá Ìléru kò ti dá a lóhùn mọ́.

Ooru ìléru mú lọ́jọ́ tó ya àwòrán náà. Rẹ́gí bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó bọ́ ṣòkòtò, ó ku òun àti péńpé kan tí ìyàwó rẹ̀ fi àjákù aṣọ fèrèsé olódòdó rán. Ó jáde láti ẹ̀yìn aṣọ dúdú, ó bẹ̀rẹ̀ sídìí kámẹ́rà láàárín gan-an, ó wo ìdìmú ọ̀tún, ó wo tòsì. Wọ́n bára mu. Orí rẹ̀ wú, ó sì gbàgbé ibi tó wà. Ibẹ̀ ló ti tẹ bọ́tìnì orí okùn gígùn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kámẹ́rà sì ya àwòrán náà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹni tó ra jọ́ọ̀gì náà ti gbé e lọ.

Lẹ́yìn tó fọ àwòrán náà tán, ó gbé e lọ sílé kí ìyàwó rẹ̀ lè yìn ín. Ìyàwó rẹ̀ wọ awò ojú rẹ̀, ó sún mọ́ ọn.

"Bàbá àwọn ọmọ, ta ni ọkùnrin yìí?"

"Ọkùnrin wo?"

"Èyí tó wọ aṣọ fèrèsé mi."

Rẹ́gí gba àwòrán. Nínú ikùn ọ̀tún, ọkùnrin kékeré kan bẹ̀rẹ̀, ó wọ péńpé olódòdó, ó lanu. Nínú ikùn òsì, ọkùnrin kan náà bẹ̀rẹ̀, ó lanu bákan náà.

"Ṣùgbọ́n wọ́n dọ́gba," ló wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Wọ́n dọ́gba dáadáa. Ẹ wà níhòòhò lápá méjèèjì."

Ó wá yé e. Ojú rẹ̀ kì í rí àbùkù àfi tó bá wà lápá kan. Èyí tó wà lápá méjèèjì, ẹwà ló kà á sí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé àwòrán náà tọ Màdáámù lọ. Màdáámù wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó dára gan-an. Jẹ́ ká tètè tẹ̀ ẹ́."

Rẹ́gí gbé ìdí sókè, ó tún jókòó. Màdáámù kò rí i! Bí òun bá dákẹ́, iṣẹ́ kò bọ́. Ṣùgbọ́n oníbàárà kan á rí i lọ́jọ́ kan, ara ògiri ni wọ́n sì máa gbé e kọ́ fún ọdún kan gbáko. Ó na ìka rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ibí yìí."

Màdáámù wò ó. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó nu ojú tán, kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Wá jọ́ọ̀gì mìíràn yà kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, màá pe ọmọ oníkọ̀ǹpútà yẹn."

Ó di dandan kó bẹ Bàbá Ìléru. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí eérú.

"Ṣé rúlà wà lápò rẹ?" ni Bàbá Ìléru béèrè.

"Rárá o, Bàbá."

"Yí àpò náà síta kí n rí i."

Ó yí i síta. Bàbá Ìléru fẹ́ jọ́ọ̀gì tuntun fún un. Ìdìmú òsì ga ju tọ̀tún lọ. Rẹ́gí rí i, síbẹ̀ ó dúpẹ́. Nígbà tó gbé e kalẹ̀, tó bu omi sí i kí ìmọ́lẹ̀ lè tàn nínú rẹ̀, ó ká bébà, ó yọ́ fi í sábẹ́ apá ọ̀tún. Ìdìmú dọ́gba wàyí, àmọ́ omi inú rẹ̀ kò bá a tẹ̀, ó wá ga lápá kan jọ́ọ̀gì náà ju èkejì lọ.

Bàbá Ìléru ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà. "Ọmọ mi, bẹ omi náà kó tẹ̀ díẹ̀ bá ọ."

Rẹ́gí yọ bébà náà kúrò. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì, ó wọ ṣòkòtò, ó wọ ẹ̀yìn aṣọ dúdú lọ, ó sì ya jọ́ọ̀gì náà bó ṣe rí.

"Ṣé kò sí ẹnikẹ́ni nínú èyí?" ni Màdáámù béèrè, ó fi ojú wá gbogbo igun.

"Kò sí, mà. Jọ́ọ̀gì nìkan ni."

Wọ́n tẹ̀ ẹ́, ọmọ oníkọ̀ǹpútà kò sì débẹ̀.

Ní báyìí, Rẹ́gí ti ti ṣọ́ọ̀bù fọ́tò pélébé pa. Ilé-iṣẹ́ náà fún un ní yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìléru, ibẹ̀ ló sì ń ṣiṣẹ́ láràárọ̀, àfi ọjọ́ ìsinmi.